Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Tún Láptọ́ọ̀pù Tó Ṣeé Tú Ṣe ní Abẹ́òkúta, Nígbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Tó Ṣe É Ń Falẹ̀

Skúrù márùn-ún péré ló di ìdí Framework Laptop 13 mú, láptọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ Framework ṣe kí ẹni tó ni ín lè máa tú u, kó sì máa pààrọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Skúrúdíráfà T5 tó bá ẹ̀rọ náà wá nínú páálí ló ń tú gbogbo wọn, ẹni tí kò tú kọ̀ǹpútà rí á sì ti rí inú rẹ̀ kí omi ẹ̀bà tó hó. Kì í ṣe ibẹ̀ ni inú ti ń bí àwọn tó ra irú láptọ́ọ̀pù yìí. Ohun tó ń bí wọn nínú ni apá tí skúrúdíráfà ò lè dé: BIOS (sọ́fítíwíà tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tàbí Linux tó ṣí), fáìmúwíà (sọ́fítíwíà tó ń gbé inú ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀), dírábà (èyí tó ń jẹ́ kí Windows tàbí Linux lè lo ẹ̀yà kan). Èèyàn lè ra bọ́ọ̀dù tuntun (pátákó inú ẹ̀rọ tí prósẹ́sọ̀ wà lára rẹ̀) lónìí, kí BIOS tó máa tán àléébù rẹ̀ má tíì jáde títí ọdún á fi yípo.

Èyí tí aráyé sọ jù ni ti bọ́ọ̀dù Intel 12th Gen tó jáde ní 2022. Ó lé ní ọdún kan tí àwọn tó rà á fi ń retí BIOS tó pójú owó. Ní 2024, Nirav Patel tó dá Framework sílẹ̀ gbà ní gbangba pé ọwọ́ àwọn ti falẹ̀ jù lórí sọ́fítíwíà, pé àwọn ń wá nǹkan ṣe sí i. Ó ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò tíì yá bí ẹni tó fi owó gidi rà á ṣe ń fẹ́.

Ìdí tó fi ń pẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Bí wọ́n bá rí àléébù kan nínú prósẹ́sọ̀, Intel tàbí AMD ló máa kọ́kọ́ tún kóòdù tirẹ̀ ṣe. Kóòdù náà á dé ọ̀dọ̀ Insyde, àwọn tó ń ṣe ìpìlẹ̀ BIOS tí Framework ń lò. Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹnjiníà tó ń bá wọn ṣe bọ́ọ̀dù á mú un bá bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan mu, Framework á sì wá dán an wò. Láptọ́ọ̀pù 13 nìkan ti ní bọ́ọ̀dù Intel 11th, 12th àti 13th Gen, Ryzen 7040, Core Ultra àti Ryzen AI 300, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú BIOS tirẹ̀. A ò tíì ka ti láptọ́ọ̀pù 16 àti 12 mọ́ ọn. Ìlérí pé ara àtijọ́ á máa gba bọ́ọ̀dù tuntun dára, àmọ́ òun náà ló fà á tí iṣẹ́ fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn, torí bọ́ọ̀dù tuntun ń dé, ti àtijọ́ ò sì kú.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù ni kó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun àti èyí tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), SSD (ibi tí fáìlì yín ń gbé) àti káàdì Wi-Fi wà lọ́wọ́ yín, ọjà gbogbogbòò ni wọ́n. BIOS, bọ́ọ̀dù àti bátìrì wà lọ́wọ́ tiwọn. Ẹ má ṣe ra ohunkóhun nínú apá kejì yìí láì kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa BIOS tó fẹ́. Àpẹẹrẹ kan ni bátìrì: ti àtijọ́ jẹ́ 55Wh, tuntun jẹ́ 61Wh, ó sì wọ ibi kan náà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra 61Wh sórí bọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹ wo ojú ewé rẹ̀ bóyá wọ́n dárúkọ BIOS kan tó gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ kó tó gbà á dáadáa. Pé ó wọlé kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan BIOS

Ẹ wo èyí tó wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Lórí Linux, ẹ ṣí tẹ́mínà, kẹ́ ẹ tẹ

sudo dmidecode -s bios-version

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ msinfo32, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ BIOS Version/Date sí. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lọ ka ojú ewé BIOS ti bọ́ọ̀dù yín gan-an, kì í ṣe ti ìkejì rẹ̀. Bọ́ọ̀dù 12th Gen àti 13th Gen jọra lójú bí ìbejì, àmọ́ BIOS wọn kò papọ̀.

Ohun mẹ́ta lẹ ń wá lójú ewé yẹn: kí ló tún ṣe, kí ni wọ́n mọ̀ pé kò tíì dára, ṣé èèyàn lè padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Àwọn BIOS kan wà tó jẹ́ pé téèyàn bá ti wọ̀ ọ́, kò sí ọ̀nà àbájáde. Bí ohun tó tún ṣe kò bá kàn yín, tí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn aláìnísùúrù kọ́kọ́ dán an wò. Ti béta, èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò, ẹ má sún mọ́ ọn àfi bí wọ́n bá dárúkọ ìṣòro yín gan-an nínú rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé sún síwájú. Irú rẹ̀ ni LogoFAIL, àléébù tí wọ́n tú síta ní Oṣù Kejìlá 2023, tó ń gba inú àwòrán tó máa ń hàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣí wọlé. Ọ̀kan míì ni ti sátífíkéètì tí Microsoft ṣe ní 2011 fún Secure Boot, ètò tó ń rí i pé sọ́fítíwíà tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló ń ṣí ẹ̀rọ. Àkókò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tán láti Oṣù Kẹfà 2026. Ẹ̀rọ tí kò ní ti tuntun ò ní tìtorí ẹ̀ kú, á ṣì máa ṣí, àmọ́ kò ní lè gba àtúnṣe ààbò fún apá ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná

Ibi tí Abẹ́òkúta ti yàtọ̀ sí ìlú tí wọ́n kọ ìtọ́ni ilé-iṣẹ́ fún nìyí. Nígbà tí BIOS tuntun bá ń wọlé, ẹ̀rọ ń pa èyí tó wà nínú ṣíìpù rẹ́ ni, ó ń kọ tuntun sí i. Bí iná bá lọ pátápátá láàárín, ohun tó kù nínú ṣíìpù kì í ṣe ti àtijọ́, kì í sì í ṣe tuntun. Ẹ̀rọ náà á dákẹ́, oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ṣíìpù tààrà nìkan ló lè jí i.

Bátìrì ni ààbò yín. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì tún fi ṣájà sí i. Bí bátìrì bá ti wú, tàbí tí ẹ̀rọ máa ń kú lójijì nígbà tó ṣì ń sọ pé ìdá ọgbọ̀n kù, ẹ pààrọ̀ bátìrì kẹ́ ẹ tó ronú kan BIOS.

Ṣájà USB-C gidi ń gba iná láti 100 dé 240 vóòtì, torí náà iná tó rọ̀ ní Àdátán tàbí Obantoko kò ní pa á lára. Èyí tó burú ni kí iná máa lọ, kó máa bọ̀, kí ẹnìkan sì máa yí ṣéńjófà láti ọ̀dọ̀ IBEDC sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ má ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí epo rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ínfátà dára. Páwábáǹkì náà dára bí ó bá lè gbé 65W jáde ní 20V lójú USB-C. Èyí tí wọ́n kọ 22.5W sí lára, ti fóònù ni.

Bí ẹ ṣe máa fi BIOS tuntun sí i

Lórí Linux, ọ̀nà tó rọrùn jù ni fwupd, ètò tó ń bá yín fi fáìmúwíà tuntun sí ẹ̀rọ, tó ń gba fáìlì láti LVFS, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kó fáìmúwíà wọn sí fún Linux. Ẹ tẹ mẹ́ta yìí tẹ̀ léra:

sudo fwupdmgr refresh --force
sudo fwupdmgr get-updates
sudo fwupdmgr update

Á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ ṣí. Ẹ gbà. Bí ó bá sọ pé kò sí ohun tuntun, nígbà tí ojú ewé ilé-iṣẹ́ ní ó wà, ẹ má bínú sí fwupd. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé fáìlì fláàṣì jáde ṣáájú ti LVFS. Ẹ dúró, tàbí kẹ́ ẹ gba ọ̀nà fláàṣì.

Ọ̀nà fláàṣì kò ka Windows tàbí Linux sí. Ẹ wá fláàṣì kékeré kan, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí FAT32 (exFAT àti NTFS ò ṣiṣẹ́ níbí, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú). Ẹ dáúnlóòdù fáìlì zip ti EFI, ẹ wo bóyá ó pé. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já lè fún yín ní fáìlì tó gé, tí kò ní sọ pé òun gé. Lórí Windows:

certutil -hashfile orúkọfáìlì.zip SHA256

Lórí Linux, sha256sum orúkọfáìlì.zip. Ẹ fi nọ́ńbà gígùn tó bá jáde wé èyí tó wà lójú ewé. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ tún un dáúnlóòdù. Bó bá bára mu, ẹ tú zip náà sórí fláàṣì ní tààrà, kò gbọ́dọ̀ wà nínú fódà míì. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ máa tẹ F12 títí àkójọ á fi jáde, kẹ́ ẹ mú fláàṣì. Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti ṣí fláàṣì, ẹ tẹ F2 nígbà tó bá ń ṣí, ẹ pa Secure Boot, ẹ ṣe é tán, kẹ́ ẹ tún tan án padà.

Ẹni tó ń lo Windows ní iṣẹ́ kan ṣáájú gbogbo èyí, yálà ó fẹ́ lo fláàṣì tàbí fáìlì exe: BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun tó wà lórí SSD pa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Windows 11 ló ti ti ara wọn pa láì jẹ́ pé ẹni tó ni wọ́n mọ̀. Bí BIOS bá yí padà, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48, ẹni tí kò ní in ti pàdánù gbogbo ohun tó wà lórí SSD rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ

manage-bde -protectors -get C:

Ẹ kọ nọ́ńbà 48 náà sórí ìwé, ìwé gidi, ẹ má fi sórí láptọ́ọ̀pù kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Control Panel, ẹ da BitLocker dúró ná (Suspend) kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀rọ lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí fáànù máa pariwo. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba èèyàn, tí wọ́n á di bọ́tìnnì mú kó kú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó bá ṣí, ẹ tún wo nọ́ńbà BIOS, kẹ́ ẹ sì wọ F2 wo ètò yín, torí àwọn kan lè ti padà sí ti ilé-iṣẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni Battery Charge Limit, ibi tí ẹ ti ń sọ ìdá tí bátìrì ò gbọ́dọ̀ kọjá. Nínú ooru tiwa yìí, láptọ́ọ̀pù tó máa ń wà lórí ṣájà láti àárọ̀ dalẹ́ kò yẹ kó kọjá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

RAM, SSD, Wi-Fi

Àwọn yìí ò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ sì ni owó yín ti máa ṣiṣẹ́ jù bí ẹ̀rọ bá ń lọ́ra.

Fún RAM, bọ́ọ̀dù Intel 11th, 12th àti 13th Gen ń lo DDR4-3200 SODIMM. Ryzen 7040, Core Ultra àti Ryzen AI 300 ń lo DDR5-5600. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ibi tí wọ́n gé sí lára wọn yàtọ̀. Bó bá ń kọ̀ fún yín láti wọlé, ẹ má tì í. Ẹ ra méjì tó dọ́gba dípò ẹyọ kan, torí gíráfíìkì tó wà nínú prósẹ́sọ̀ ń jẹ nínú RAM yìí, méjì á sì jẹ́ kó yá sí i gan-an. Láptọ́ọ̀pù 12 kò ní ju ojú ẹyọ kan lọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ DDR5, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ á pẹ́ nínú òkùnkùn: ó ń kọ́ bó ṣe máa bá RAM náà sọ̀rọ̀ ni.

Fún SSD, láptọ́ọ̀pù 13 ń gba NVMe M.2 2280. Ti 12 ń gba 2230, èyí tó kúrú. Ti 16 ní ojú méjì, ọ̀kan 2280, ọ̀kan 2230. M.2 SATA rí bákan náà lójú ẹni tó ń kánjú, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má kúrò nídìí káńtà láì dán an wò. Lórí Windows, ètò CrystalDiskInfo á sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò ó àti bó ṣe lera tó. Lórí Linux, sudo smartctl -a /dev/nvme0, kẹ́ ẹ wo Percentage Used. “Tuntun nínú ọ̀rá” tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kì í ṣe tuntun. Èyí tó ń purọ́ nípa bó ṣe tóbi tó, H2testw lórí Windows tàbí f3 lórí Linux ló ń tú u fó, àmọ́ ó ń pẹ́. Ẹ ṣe é nílé lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí oníṣòwò ṣì rántí ojú yín.

Káàdì Wi-Fi: Intel AX210 ṣiṣẹ́ lórí Intel, ó ṣiṣẹ́ lórí AMD. AX211 jọ ọ́, ó sì lè wọ́n kéré, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ lórí AMD láéláé, torí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú prósẹ́sọ̀ Intel. BE200, káàdì Intel míì, náà ń ṣe wàhálà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AMD. Wáyà dúdú àti funfun tó so mọ́ káàdì yìí kéré gan-an. Ẹ gbé e sójú rẹ̀ ní gbọọrọ, kẹ́ ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún. Bí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí ráútà nìkan, tó sì ń kú tẹ́ ẹ bá ti wọ yàrá kejì, ọ̀kan nínú wáyà yẹn ò wọlé.

Pípààrọ̀ bọ́ọ̀dù

Bọ́ọ̀dù tuntun ń bá fáànù àti irin tó ń gbé ooru rẹ̀ wá, torí náà ẹ ò ní fọwọ́ kan ọ̀dà tí wọ́n ń fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti irin yẹn. Èyí tó ń jẹ owó láìròtẹ́lẹ̀ ni RAM: ẹni tó ń kúrò lórí 11th Gen bọ́ sórí Ryzen gbọ́dọ̀ ra DDR5 mọ́ ọn.

Bí ẹ ń lo Windows, ọ̀rọ̀ BitLocker le ju ti BIOS lọ níbí. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé wà lára bọ́ọ̀dù àtijọ́. Ẹ pa BitLocker pátápátá, kẹ́ ẹ dúró kó tú gbogbo SSD tán, ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ so Windows mọ́ àkáǹtì Microsoft yín kẹ́ ẹ tó tú ẹ̀rọ, torí bọ́ọ̀dù tuntun á mú kí Windows sọ pé òun ò mọ ẹ̀rọ yìí mọ́, àkáǹtì yẹn lẹ fi máa bẹ̀ ẹ́ nínú Activation Troubleshooter. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ fi BIOS tó kẹ́yìn sórí fláàṣì sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ ní ilé ìkẹ́rù máa ń dé pẹ̀lú BIOS àtijọ́.

Ẹ ṣe é nínú yàrá, kẹ́ ẹ pa fáànù òkè. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin fèrèsé tàbí páìpù omi tó wọlẹ̀, torí iná tó ń ta pàpà lára aṣọ lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́ láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹ wọ F2, ẹ wá Battery Disconnect, ẹ yàn án, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà. Ẹ fa àwọn káàdì ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (àwọn tó ń gbé ojú USB, HDMI àti irú wọn) jáde. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, ẹ tú skúrù márùn-ún náà títí wọ́n á fi rọ̀. Wọn ò ní já bọ́, wọ́n ṣe wọ́n mọ́ ibẹ̀ ni. Ẹ dá ẹ̀rọ padà, ẹ ṣí i, ẹ gbé apá kíbọọ̀dù sókè láti iwájú. Òòfà ló mú un, kò le, àmọ́ wáyà pẹlẹbẹ kan so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fà á fìrì á fa wáyà náà ya. Ẹ yọ wáyà yẹn ní etí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé kíbọọ̀dù kúrò.

Wáyà bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Òun náà ló máa kẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti skríìnì, kámẹ́rà, sípíkà, bọ́ọ̀dù kékeré ti ohùn, àti wáyà Wi-Fi. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó yọ ẹyọ kan. Kóòdù QR wà lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá fi fóònù wò ó, á gbé yín lọ sí ojú ewé rẹ̀. Ẹ tú skúrù bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e jáde, ẹ kó SSD àti káàdì Wi-Fi sórí tuntun, ẹ fi RAM sí i, kẹ́ ẹ tò ó padà.

Bí ẹ bá ṣí i tí kò sọ nǹkankan lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń fi àwọ̀ sọ ibi tó dun ẹ̀rọ ni. Ẹ fi fóònù ká a sí fídíò, kẹ́ ẹ wá jókòó kà á bí ilé-iṣẹ́ ṣe to ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, RAM tí kò wọlé tán ni. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ dán èkejì wò ní ojú méjèèjì.

Ẹni tó bọ́ sórí Ryzen 7040 á tún ṣàkíyèsí pé ojú ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe bákan náà mọ́ bíi ti Intel. Méjì ẹ̀yìn ni USB4. Iwájú ọ̀tún ń gbé àwòrán jáde, iwájú òsì kì í gbé e. Káàdì HDMI tẹ́ ẹ fi sí iwájú òsì ò bàjẹ́, ẹ kàn sún un lọ síbòmíì. USB-A, ẹ fi síwájú, torí ó ń jẹ bátìrì jù ní ẹ̀yìn. Bí Linux yín bá ti pẹ́, Wi-Fi lè má hàn rárá lórí bọ́ọ̀dù tuntun: ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, kẹ́ ẹ fi dátà fóònù gba kẹ́nẹ́ẹ̀lì (ọkàn Linux) tuntun.

Ẹ má ta bọ́ọ̀dù àtijọ́ ní àtàgbé. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ètò kan wà nínú F2 tó ń jẹ́ Standalone Operation. Tẹ́ ẹ bá tan án, bọ́ọ̀dù náà á ṣiṣẹ́ láì ní bátìrì, láì ní skríìnì tirẹ̀, pẹ̀lú ṣájà USB-C àti mọ́nítọ̀ nìkan. Ó tó ẹ̀rọ ìṣirò fún ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní Ìtòkú. Àmọ́ bó bá jẹ́ 11th Gen, ẹ má fi sílẹ̀ sínú káńbọ́ọ̀dù fún oṣù mélòó kan láì fún un níná. Bátìrì aago rẹ̀ máa ń gbẹ, ẹ̀rọ á sì kọ̀ láti ṣí bí ẹni tó kú. Ẹ fi ṣájà sí i fún odidi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

Bí ẹ̀yà á ṣe dé ọwọ́ yín

Ẹ wo àkójọ orílẹ̀-èdè tí ilé-iṣẹ́ ń fi ọjà ránṣẹ́ sí kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí Nàìjíríà kò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé ẹnìkan ní òkè òkun ló máa bá yín gbà á, ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ nípa wáráńtì ọjà tó bá kọjá sí orílẹ̀-èdè míì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wáráńtì máa ń kú sí bọ́dà.

Bátìrì ló le jù. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú èrò gẹ́gẹ́ bí kágò, torí náà àwọn tó ń kó ẹrù máa ń dá a padà. Àmọ́ èrò ọkọ̀ lè gbé e lọ́wọ́ bí kò bá kọjá 100Wh. Ti 13 jẹ́ 55 tàbí 61, ti 16 jẹ́ 85, gbogbo wọn ló bọ́ síbẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n sì fi tépù bo ẹnu wáyà rẹ̀. Ẹ kọ èyí sí ẹni tó ń bá yín gbé e bọ̀ kó tó di ẹrù rẹ̀.

RAM àti SSD kò gba wàhálà yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango-Ọ̀tà lè wọ rélùwéè ní Láderin, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, kó sì gba ibẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ìpadà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí kì í ṣe gbogbo wákàtí ló ń lọ.

Bí ẹ bá máa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́

Ohun tó ń fa lẹ́tà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni pé wọ́n á béèrè nǹkan kan, ẹ ó dáhùn, wọ́n á tún béèrè òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́: nọ́ńbà ẹ̀rọ, nọ́ńbà ìbéèrè ọjà, BIOS tó wà lórí rẹ̀, orúkọ Windows tàbí Linux àti nọ́ńbà rẹ̀, irú RAM àti SSD, fídíò iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́: RAM kan ní ojú kan, ṣájà ní ojú míì, láì sí káàdì ẹ̀gbẹ́ kankan. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbínú inú lẹ́tà kì í mú BIOS yá, àmọ́ lẹ́tà tó pé máa ń fo ẹni àkọ́kọ́ tó ń kàwé, ó máa ń dé ọwọ́ ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù.

Fún ẹni tí kò lè retí

Ká sọ òótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB tó fẹ́ láptọ́ọ̀pù tó ṣeé tú, tí ẹ̀yà rẹ̀ á sì wà lọ́jà lọ́la, kò nílò Framework. ThinkPad T480 tòkúnbọ̀, tó jáde ní 2018, ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: ojú RAM DDR4 méjì, SSD tó ṣeé pààrọ̀, bátìrì ẹ̀yìn tó ń jáde láì tú skúrù kan, òmíràn nínú tó ń gbé ẹ̀rọ dúró nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ti ẹ̀yìn. Lenovo náà wà lórí LVFS, torí náà àṣẹ fwupdmgr mẹ́ta tó wà lókè yẹn ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Àkọ́kọ́, prósẹ́sọ̀: àwọn T480 kan wà tó jẹ́ 7th Gen, bíi i5-7300U, Microsoft ò sì fọwọ́ sí Windows 11 lórí wọn, bẹ́ẹ̀ àtìlẹ́yìn Windows 10 ti dópin ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. 8th Gen, bíi i5-8350U, ni kẹ́ ẹ gbà. Ìkejì ni ojú USB-C. Fáìmúwíà Thunderbolt, èyí tó ń darí ojú náà, tó bá ẹ̀rọ wá ní àléébù tó ń jẹ ṣíìpù díẹ̀díẹ̀, títí ojú náà ò fi ní gbé àwòrán jáde mọ́, tàbí kó kọ ṣájà. Lenovo ti gbé àtúnṣe jáde fún un, àmọ́ kò lè jí èyí tó ti kú. Ẹ fi ṣájà USB-C sí i níwájú oníṣòwò, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àdábítà HDMI. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́, ẹ sanwó, kẹ́ ẹ sì fi fáìmúwíà Thunderbolt tuntun sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ wo T480 míì.